Makerspace yunifásítì: kí làwọn ọmọ wa ń ṣe níbẹ̀ títí di òru?

Mọ́mì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Houston ló dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka engineering, kí ló ń jẹ́ makerspace?" Ọmọ wọn ọkùnrin ti wọ ọdún kejì ní yunifásítì, mechanical engineering ló ń kà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti pè é lálẹ́, makerspace yìí náà ló máa ń sọ pé òun wà, aago mọ́kànlá alẹ́, aago kan òru, ariwo máṣíìnì á máa dún lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ilé fàájì ni, nígbà tó yá wọ́n rò pé ọmọ náà ti lọ gba iṣẹ́ níbì kan tí wọn ò ti ń sanwó fún un. Mo ṣàlàyé díẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ìdúró lọ, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí òbí tó ń béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi ti pọ̀, àwọn ọmọ tó ń múra àtiwọ yunifásítì gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kì í ṣe. Makerspace kì í ṣe láàbù. Nínú láàbù, olùkọ́ ti mọ ìdáhùn kẹ́ ẹ tó wọlé, ìwé kan wà tó sọ pé ẹ ṣe báyìí, ẹ wọn tibí, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, tí nọ́ńbà yín bá ti jọ ti inú ìwé, ẹ ti gba máàkì. Kì í sì í ṣe wọ́kíṣọ́ọ̀bù bí ọ̀pọ̀ àwa tá a ka polí tàbí yunifásítì nílé ṣe mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, tí bí ogójì èèyàn á to yí máṣíìnì kan ká, tí wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti parí, ó parí nìyẹn. Makerspace ni ibi tí yunifásítì kó máṣíìnì àtirinṣẹ́ jọ sí, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé nǹkan tó bá wà lórí ẹ tó o fẹ́ ṣe, wá fọwọ́ ara ẹ ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní ìdáhùn lọ́wọ́ níbẹ̀. Tó bá bàjẹ́, wàá tún un ṣe ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó jọ ọ́ nílé, ẹ ronú sí mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì, níbi tí mẹkáníìkì, wẹ́dà, rẹ́wáyà, panẹ́bítà àti péńtà wà nínú ọgbà kan náà, tí iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnì kan lọ ò ní í jìnnà rárá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé níbí, kò sí kọ́sítọ́mà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń jẹ ọ̀gá, àwọn náà ló tún ń jẹ ọmọ iṣẹ́, ẹni tó mọ wẹ́dì lè máa kọ́ ẹni tó ń kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan sórí kọ̀ǹpútà.

Ibi tó wá ń dà rú mọ́ èèyàn lójú jù ni pé oríṣi ibi méjì ni wọ́n ń fi orúkọ kan náà pè, òbí á sì máa rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹ wo Georgia Tech ní Atlanta, wọ́n ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Invention Studio, 2009 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bójú tó o, wọ́n á yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ láti máa kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń lo máṣíìnì, èrè tiwọn ni pé àwọn á lè wọlé nígbà tó bá wù wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún màmá ẹ̀ lè wọbẹ̀, ẹni tó ń ṣe projẹ́ẹ̀tì àṣejáde náà lè wọbẹ̀. Case Western Reserve ní Cleveland tún ṣe tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé alájà méje odindi ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, thinkbox ni wọ́n ń pè é, 2015 ni wọ́n ṣí i, ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 square feet, ará ìlú tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè wọlé lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe to ilé náà wù mí gan-an, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó ro nǹkan, bó o bá ṣe ń gòkè ni wàá máa kan ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, títí dé òkè pátápátá níbi tí wọ́n ti ń ran ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di òwò lọ́wọ́.

Ìkejì ni ti àwọn tíìmù, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ń kan nǹkan lọ síbi ìdíje, inú ẹ̀ gan-an sì lọmọ Mọ́mì yìí wà. Ẹ wo yunifásítì Michigan ní Ann Arbor, wọ́n ní Wilson Student Team Project Center, níbẹ̀ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló kàn ń wọlé lọ ṣe nǹkan tó wù ú, tíìmù tí yunifásítì mọ̀ ló ń gba àyè síbẹ̀, wọ́n á fún wọn níbi tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ wọn sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, torí mọ́tò ò ṣeé gbé padà sí yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tíìmù wọn tó ń ṣe mọ́tò tó ń fi agbára oòrùn rìn ló gbajúmọ̀ jù, mọ́tò wọn tí wọ́n ń pè ní Sunrunner ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Sunrayce ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, látìgbà yẹn náà ni wọn ò ti jáwọ́. Torí náà tọ́mọ yín bá ní òun wà ní makerspace, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í ni pé ti gbogbo èèyàn ni àbí ti tíìmù, torí ìdáhùn yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó kàn lọ ṣe nǹkan wákàtí kan ni àbí ó ti wọnú ohun tó máa gba odindi ọdún lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí nǹkan yìí ṣàdédé wá wà níbi gbogbo, pé nígbà tiwọn kò sí. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1998, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì MIT, Neil Gershenfeld, bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kan tó fẹ́ fi kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe lè ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya bò ó. Ìyẹn dá kún un. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn gan-an ni pé Scott Crump tó dá irú 3D printer (máṣíìnì tó ń fi ọ̀rá mọ nǹkan) tó wọ́pọ̀ jù lónìí sílẹ̀ ti lọ gba pátẹ́ǹtì lé e lórí, ìyẹn àṣẹ pé ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ ṣe é, ọdún 1989 ló kọ̀wé béèrè fún un, ó wá tán ní 2009. Kó tó tán, máṣíìnì ọ̀hún wọ́n bí ojú, lẹ́yìn tó tán, ẹnikẹ́ni lè ṣe é tà, owó ẹ̀ já wálẹ̀ débi pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ra ọ̀kan sí yàrá. Ẹ wá rí i pé 2009 tí pátẹ́ǹtì tán yẹn náà ni Georgia Tech bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Ó yá, àwọn máṣíìnì. Mi ò ní í ka gbogbo wọn tán, mo máa mú àwọn tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọmọ.

3D printer kì í tẹ ìwé o. Ẹ wo bí àwọn tó ń ṣe kéèkì ṣe máa ń fún icing jáde lẹ́nu nọ́sù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan, 1.75 mìlímítà, ló ń wọlé síbi gbígbóná tó tó bí 200 degrees Celsius, á yọ́, á gba ihò kan tó jẹ́ 0.4 mìlímítà jáde, kọ̀ǹpútà á máa darí nọ́sù náà, á tẹ́ ìpele kan, á gòkè díẹ̀, á tún tẹ́ òmíràn lé e. Tí ìpele kan bá jẹ́ 0.2 mìlímítà, nǹkan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 máa gba ìpele 500, ìdí nìyẹn tí nǹkan tí ò ju ìkúùkù lọ fi lè gba odindi alẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà tọ́mọ bá ní òun ń dúró de máṣíìnì, òun ló ń dúró dè. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé 3D printer lè ṣe ohun gbogbo, ọ̀rá tó tò lé ara wọn yẹn, ibi tí ìpele kan ti lẹ̀ mọ́ ìkejì ló máa ń kán, kò sẹ́ni tó máa fi ṣe ohun tó di táyà mọ́tò mú.

Laser cutter ní tiẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ jó nǹkan, á gé pílẹ́wúùdù àti acrylic (ọ̀rá líle tó dà bíi gíláàsì) bí ẹni fi bíléèdì gé ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbé sínú ẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n lè gé lọ. PVC, èyí tó wà lára páìpù omi àti lára ọ̀pọ̀ lẹ́dà tí wọ́n fi ń ṣe báàgì olówó pọ́ọ́kú, tí iná laser bá kàn án, gáàsì olóró ló máa tú jáde, tí gáàsì yẹn bá wá pàdé ọ̀rinrin, ásíìdì ló ń dà, á jẹ gíláàsì àtirin inú máṣíìnì, á sì jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó fà á símú. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pé kí lẹ mú wá, ta ló tà á fún yín, kí ni wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n ń wá ìjà.

Àwọn àgbà máṣíìnì wá ni lathe, mill àti CNC, àwọn tó ń gé irin. Lathe ń yí irin, ọ̀bẹ á dúró sójú kan, mill ní tiẹ̀ á di irin mú, ọ̀bẹ ló máa yí, CNC ni tí kọ̀ǹpútà bá ń darí wọn. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Lọ́dún 2011, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yale tó ń dá ṣiṣẹ́ nídìí lathe lóru, irun orí ẹ̀ ló há sínú máṣíìnì, ó sì kú. Ó kù díẹ̀ kó gboyè. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kí ara mi má bù máṣọ. Òfin wà káàkiri lónìí pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá wà nídìí irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀, ẹni kejì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó lè pa iná máṣíìnì. Irun gbọ́dọ̀ di mímú, ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tẹ́ ẹ di braids tó gùn dé ìdí, ẹ ká a sókè kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ má dà á sẹ́yìn lásán. Sálúbàtà ò wọlé, aṣọ ọlọ́wọ́ gbọ̀rọ̀ ò wọlé, òrùka ẹ bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń rò pé gílọ́ọ̀bù ń dáàbò bo ọwọ́, nídìí lathe òdìkejì ni, tí máṣíìnì bá gbá etí gílọ́ọ̀bù mú, á fa gbogbo apá tẹ̀lé e.

Nítorí èyí, kò sẹ́ni tó kàn ń wọlé kó tan máṣíìnì. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ẹ, wàá ṣe ìdánwò, wàá ṣe nǹkan kékeré kan lójú wọn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé o lè lo máṣíìnì kan yìí, ẹ̀yọ kan o, tó o bá fẹ́ ìkejì, wàá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó jọ fíríìdọ́ọ̀mù táwọn télọ̀ àti wẹ́dà máa ń ṣe fọ́mọ iṣẹ́ nílé, bí kò tiẹ̀ sí ìrẹsì àti agbo ijó níbẹ̀, ìmọ̀lára ẹ̀ ò yàtọ̀, mo ṣì rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ mi sára pátákó mill.

Kí wá ni tíìmù ń ṣe gan-an? Ó pọ̀, àwọn kan ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń ṣe ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kọnkéré mọ, ó sì máa ń léfòó, àmọ́ Formula SAE, ìdíje mọ́tò onísáré táwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn, ni mo mọ̀ jù torí òun ni mo ṣe. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ gbọ́ èyí, ìlú wa níbí ni irúgbìn ẹ̀ ti hù, University of Houston ni wọ́n ti ṣe ìdíje tó bí i lọ́dún 1979, Mini-Indy ni wọ́n pè é, kó tó wá di Formula SAE ní Austin lọ́dún 1981. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ya mọ́tò kékeré onísáré kan fúnra wọn, wọ́n á kàn án, wọ́n á gbé e lọ síbi ìdíje.

Ohun táwọn èèyàn kì í mọ̀ ni pé kì í ṣe eré sísá nìkan. Máàkì 1000 ló wà ńlẹ̀, 325 nínú ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún wọn láìjẹ́ pé mọ́tò gbéra rárá, wọ́n á dúró níwájú àwọn ẹnjiníà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, wọ́n á bi wọ́n pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e gba ibí, èló ni síkúrù yìí, ta ló máa ra mọ́tò yìí lọ́wọ́ yín. Kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ sáré pàápàá, wọ́n á gbé mọ́tò dẹ̀gbẹ́ ní 60 degrees wò bóyá epo á jò, wọ́n á ní kí awakọ̀ jáde nínú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ bírékì kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró pa lẹ́ẹ̀kan náà. Tíìmù tó ti ṣiṣẹ́ odindi ọdún lè débẹ̀ kí táyà kan kọ̀ kó má dúró, kí wọ́n máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sáré. Èyí tó gba máàkì jù ni eré kìlómítà 22 ìparí, 275, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ mọ́tò máa ń kú sí.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín kó lè yé yín ìdí táwọn ọmọ yìí fi ń pẹ́. Ibi tí táyà ti so mọ́ mọ́tò, bíárìn wà nínú ẹ̀, irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà lè yí. Bíárìn tiwa jẹ́ 52 mìlímítà láti etí kan dé èkejì, a fẹ́ kì í bọ inú alumíníọ̀mù tí mo máa gbẹ́ ihò sí. Tí ihò yẹn bá jẹ́ 52 gééré, bíárìn á máa yí nínú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kéré sí i ní ìwọ̀n tí ojú ò lè rí, kó lè há. Báwo wá ni nǹkan tó tóbi ṣe máa wọ ihò tó kéré sí i? Wọ́n á gbé alumíníọ̀mù sínú oven kó gbóná kó fẹ̀, wọ́n á gbé bíárìn sínú fíríísà mọ́jú kó sún kì, tí méjèèjì bá pàdé, bíárìn á wọlé wọ́ọ́rọ́ láìsí háńmà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá ti bá ara wọn dọ́gba, kò sí ọwọ́ tó lè fà á yọ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe tèmi, mo gbẹ́ ihò náà dé 52.1. Mo kàn gbé ọ̀bẹ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo fi ṣì í ò ju sisanra ìwé kan lọ. Bíárìn wọlé, ó sì ń mì. Alumíníọ̀mù tí mo ti ń gé láti ọ̀sẹ̀ méjì di àgékù, ọ̀gá tíìmù wa, ọmọbìnrin kan tó ju mi lọ lọ́dún kan péré, gbé e lọ́wọ́, ó wò ó, ó ní "Kí lo wọ̀n kẹ́yìn, ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n?" A jọ tún un gé lóru ọjọ́ náà. Kò sí kíláàsì tó kọ́ mi ní ohun tí ìbéèrè yẹn kọ́ mi, mo sì ti jókòó sí kíláàsì tó dáa o.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Yunifásítì ló máa ń pèsè ilé, máṣíìnì àtàwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn, tíìmù ló máa ń wá owó irin, táyà, owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìrìn àjò, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí orúkọ kọ́ńpìnnì lára mọ́tò wọn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ka accounting tàbí marketing náà láyè nínú tíìmù, wọ́n nílò ẹni tó lè kọ lẹ́tà tó ń mówó wá, wọ́n sì nílò ẹni tó máa ṣírò owó mọ́tò fún máàkì 100 tó wà fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ tíìmù kì í gba èèyàn torí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n ń gbà á torí ó ń wá déédéé, ọmọ tí ò di sípánà mú rí lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àmọ́ mi ò ní í purọ́ fún yín, ó lè jẹ ìwé. Mo mọ àwọn tí máàkì wọn já torí wọ́n ń sùn lábẹ́ mọ́tò, níbi tí yunifásítì kì í bá sì í ka iṣẹ́ tíìmù mọ́ kọ́ọ̀sì, òbí láṣẹ láti béèrè pé báwo ni ìwé ṣe ń lọ. Ẹ má kàn sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ẹ bi í pé apá wo ni tìẹ lára mọ́tò yẹn, tó bá lè ṣàlàyé ẹ̀ fún yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsimi, á jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni o. Àwọn ọmọ UNILAG, UNIBEN àti ABU ti ṣe mọ́tò tiwọn lọ sí ìdíje Shell Eco-marathon rí, èyí tó jẹ́ pé ẹni tí epo kékeré gbé jìnnà jù ló ń borí, kì í ṣe ẹni tó sáré jù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn, mo sọ ọ̀rọ̀ bíárìn àti fíríísà yìí fún wọn lórí WhatsApp, mo rò pé ó máa yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní, "Ìyẹn náà lẹ lọ kọ́ l'Amẹ́ríkà? Ọ́ìlì gbígbóná làwa máa ń gbé ọ́ọ̀bù táyà sí." Wọ́n wá bi mí pé báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbóná tó, a wà lórí ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Mọ́mì ti ṣọ́ọ̀ṣì náà tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà ti fi fọ́tò irin kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn, ó ní òun lòun gé e, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó jẹ́ àmọ́ àwọn ti fi ṣe fọ́tò WhatsApp àwọn. Mo wò ó. Ohun tí wọ́n fi ń so pẹ́dà bírékì mọ́ ara mọ́tò ni, ó fá etí ẹ̀ dán dáadáa, ihò síkúrù mẹ́rin ló sì wà lára ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pè é, kí wọ́n bi í bó ṣe mọ̀ pé ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa bára mu.